Bí Ọwọ́ Bá Ń Gan Lówùúrọ̀

  Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ òní, mo fẹ́ kí ẹni kọ̀ọ̀kan na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú. Ẹ di wọ́n ní ẹ̀ṣẹ́. Ẹ tún là wọ́n. Ó rọrùn, àbí kò rọrùn? Ẹni tí ó bá rọrùn fún, kí ó dúpẹ́, nítorí àwọn ènìyàn kan wà tí wọn kì í lè ṣe é lówùúrọ̀ títí oòrùn yóò fi gòkè. Nípa àìsàn irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi àti olùkọ́bìnrin kan jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwé kan náà. Kò tíì tó ẹni ogójì ọdún, ara rẹ̀ sì yá gágá tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó yá, a bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ó ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Bí ó bá sì dé, kì í kọ ohunkóhun sí ojú pátákó títí agogo ìsinmi yóò fi lù. Àwọn ọmọ ni ó máa ń rán lọ síwájú pé kí wọ́n kọ ọ́. A ní ó ti di ọ̀lẹ. Èmi tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí wà nínú àwọn tí ó sọ bẹ́ẹ̀. A kò mọ̀ pé obìnrin náà kò lè di ṣọ́ọ̀kì mú lówùúrọ̀, pé ọmọ rẹ̀ ni ó ń bá a de bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀, àti pé ó máa ń di nǹkan bí aago mẹ́wàá kí àwọn ìka rẹ̀ tó dẹ̀.

Àwọn ará ilé rẹ̀ ní làkúrègbé ni. Ó ra ìpara, ó mu àgbo, ó gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ olóògùn. Àwọn kan tilẹ̀ sọ fún un pé ọwọ́ ayé ni. Ọdún méjì kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà tí ó mọ àrùn náà. Dókítà yìí rí oògùn tí ó dá àrùn náà dúró, ṣùgbọ́n àwọn ìka tí ó ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan kò padà sí ipò wọn mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí títí di òní. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ẹ̀yin mọ ohun tí àwa kò mọ̀ nígbà náà.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó tàn wá jẹ ni orúkọ. Bí a ti ń pe oríṣiríṣi ewé ní ẹ̀fọ́, bẹ́ẹ̀ ni a ń pe oríṣiríṣi àrùn ní làkúrègbé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń se ọbẹ̀ mọ̀ pé tẹ̀tẹ̀ yàtọ̀ sí ewúro, pé bí a ṣe ń tọ́jú ọ̀kan kọ́ ni a ṣe ń tọ́jú èkejì. Èyí tí à ń sọ lónìí ni àwọn oníṣègùn ń pè ní rheumatoid arthritis. Kí ó lè rọrùn fún wa, ẹ jẹ́ kí a máa pè é ní làkúrègbé awúnilóríkèé, nítorí pé wíwú oríkèé ni àmì rẹ̀ tí ó hàn jù.

Kí ni oríkèé? Oríkèé ni ibi tí egungun méjì ti pàdé tí wọ́n sì ń yí lára wọn. Ẹ̀yin ọmọdé, nígbà tí ẹ bá jẹ ẹran itan adìẹ tán, ẹ máa ń rí nǹkan funfun kan tí ó ń dán ní orí egungun náà, tí ó rọ̀ díẹ̀, tí eyín lè gé. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà ní orí egungun tiwa pẹ̀lú. Òun ni kì í jẹ́ kí egungun ha egungun. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sì bo inú oríkèé yípo, ó ń ṣe omi díẹ̀ tí ó ń yọ̀ bí omi ilá, kí gbogbo rẹ̀ lè máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́.

Nísinsìnyí, ẹ rántí pé Ọlọ́run fi àwọn ọmọ-ogun sínú ẹ̀jẹ̀ wa. Bí kòkòrò àrùn bá wọlé, àwọn ni wọ́n ń dojú ìjà kọ ọ́. Nínú àrùn tí à ń sọ yìí, àwọn ọmọ-ogun náà ṣìnà. Wọ́n ṣe bí ọdẹ adúgbò tí a gbà pé kí ó máa ṣọ́ olè, tí ó wá yí ìbọn padà sí onílé. Wọ́n kọlu awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú oríkèé. Awọ náà á wú, á nípọn, omi á pọ̀ jù nínú oríkèé, ibẹ̀ á sì gbóná. Bí a kò bá dá a dúró, awọ tí ó ti nípọn yìí á máa jẹ nǹkan funfun tí mo sọ nì, á sì jẹ egungun pàápàá. Àwọn baba wa ní bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani. Ikú ilé ni àrùn yìí.

Nítorí náà, kì í ràn. Ẹ lè bá ẹni tí ó ní i jẹun, ẹ lè bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kò sí ewu. Kì í ṣe omi tútù ni ó fà á, kì í sì ṣe èpè. A máa ń rí i nínú ìdílé kan ju òmíràn lọ, sìgá mímu sì ń mú kí ó tètè wọlé, kí ó sì le sí i. Kì í ṣe àrùn arúgbó nìkan. Ó lè mú ẹni ọgbọ̀n ọdún, kódà irú làkúrègbé kan tí ó jọ ọ́ wà tí ó ń mú ọmọdé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 18 ènìyàn ni ó ní i ní gbogbo ayé ní ọdún 1919 fi ọgọ́rùn-ún kún un, èyíinì ni 2019. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ó sì ní i, nǹkan bí méje jẹ́ obìnrin.

Báwo ni a ṣe lè dá a mọ̀? Àmì márùn-ún ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ẹ fi ìka ọwọ́ kan kà wọ́n.

Èkíní ni òwúrọ̀. Gbogbo wa ni ara lè ro nígbà tí a bá jí, pàápàá bí a bá ṣiṣẹ́ oko lánàá, ṣùgbọ́n bí a bá ti rìn díẹ̀, ó tán. Ti àrùn yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ á gan, ẹsẹ̀ á gan, ó lè tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó dẹ̀. Bí aláìsàn bá sì jókòó pẹ́ lójú kan, ó tún lè gan.

Èkejì ni wíwú. Oríkèé náà á wú, yóò sì rọ̀ bí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, kò ní le bí kókó igi. Àwọn ìwé Òyìnbó máa ń sọ pé ibẹ̀ á pọ́n. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, pípọ́n náà lè má hàn rárá. Nítorí náà, ẹ má fi ojú wò ó nìkan. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án jẹ́jẹ́ bóyá ó gbóná ju ibi tí ó yí i ká lọ.

Ẹ̀kẹta ni ibi tí ó ń mú. Àwọn oríkèé kéékèèké ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ mú: àwọn kókó tí ó yọ sókè nígbà tí ẹ di ẹ̀ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, àwọn oríkèé àárín ìka, àti ọrùn ọwọ́. Oríkèé tí ó súnmọ́ èékánná kì í sábà sí nínú rẹ̀. Ó tún máa ń mú ìdí ọmọ ìka ẹsẹ̀, tí aláìsàn yóò fi máa sọ pé ó ń ṣe òun bí ẹni tí ń rìn lórí òkúta wẹ́wẹ́ bí òun bá sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn. Bí ẹ bá rí ẹni tí ó ń fi ọwọ́ pamọ́ nígbà tí àwọn ènìyàn fẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ẹ má rò pé ìgbéraga ni. Ó lè jẹ́ pé bí a bá fún ọwọ́ náà díẹ̀, ìrora á gba gbogbo ara rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni pé ọ̀tún àti òsì ló sábà máa ń mú pọ̀. A mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún ń wẹ òsì, òsì sì ń wẹ ọ̀tún. Nínú àrùn yìí, àwọn méjèèjì a máa jọ ṣàìsàn.

Ẹ̀karùn-ún ni pé kì í lọ bọ̀rọ̀. Ó lè dẹwọ́ díẹ̀, kí ó tún le, ṣùgbọ́n bí a bá ka ọjọ́, a ó rí i pé ó ti kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nítorí pé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀, kò ní fi mọ sí oríkèé. Ó ń mú kí ara rẹni láìṣiṣẹ́, kí oúnjẹ má wuni, kí ènìyàn rù, kí ẹ̀jẹ̀ dín. Ó lè mú ojú gbẹ, ó sì lè dé ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn.

Ẹ ó bi mí pé àwọn làkúrègbé yòókù ńkọ́? Èyí tí ó pọ̀ jù láàárín àwọn àgbàlagbà wa ni ti oríkèé tí ó ti gbó. Orúnkún ni ó sábà máa ń jà. Ó ń dunni nígbà tí a bá rìn tàbí tí a bá gun àtẹ̀gùn, ó sì ń dẹwọ́ bí a bá sinmi. Bí ó bá gan lówùúrọ̀, kì í sábà ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Òmíràn wà tí àwọn Òyìnbó ń pè ní gout. Ìyẹn a máa já lu ènìyàn lójijì, ó sì sábà máa ń jẹ́ lóru, pàápàá ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kan, tó bẹ́ẹ̀ tí aṣọ ìbora kò ní í ṣe é fi kàn án. Ọmọ tí egungun ti ń ro láti kékeré, tí ó ń dá a dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ọ̀kan sì wà tí kò gbọdọ̀ di ọ̀la: bí oríkèé kan ṣoṣo bá wú lójijì, tí ó gbóná, tí ibà sì wà, ẹ gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ó lè jẹ́ pé ọyún ni ó wà níbẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín bí ẹ kò bá tètè mọ ìyàtọ̀ wọn. Àwọn oníṣègùn pàápàá pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1800, ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣègùn kan ní ìlú Paris, Augustin Jacob Landré-Beauvais, kọ ìwé nípa àwọn obìnrin kan tí oríkèé wọn ń wú, ó sì rò pé irú gout kan ni. Ọdún 1859 ni Alfred Baring Garrod ní London tó fún àrùn náà ní orúkọ tí à ń pè é títí di òní, tí ó sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára gout.

Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín ńkọ́? Fún ìgbà pípẹ́, àwọn oníṣègùn gbà pé àrùn yìí ṣọ̀wọ́n púpọ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Áfíríkà. Ní ọdún 1993, àwọn oníwàádìí kan gbé ìròyìn jáde pé àwọn wá a láàárín àwọn ará ìgbèríko kan ní Nàìjíríà, àwọn kò sì rí ẹnì kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2010, àwọn oníṣègùn ọmọ Nàìjíríà kan kọ ìròyìn nípa 200 aláìsàn àkọ́kọ́ tí wọ́n ní àrùn yìí ní ilé ìtọ́jú oríkèé kan ṣoṣo. Àrùn náà lè ṣọ̀wọ́n lóòótọ́ ní ibì kan, ṣùgbọ́n ó wà láàárín wa. Bí a bá ń sọ pé kò sí, ẹni tí ó ní i yóò máa ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, ọjọ́ yóò sì máa lọ.

Ọjọ́ tí ó ń lọ yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí. Àìtètè mólè, olè ń mú olóko. Wíwú oríkèé ṣeé mú lọ sílẹ̀, ìrora ṣeé dá dúró, ṣùgbọ́n egungun tí àrùn bá ti jẹ kì í hù padà. Láàárín oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ ni oògùn ti ń ṣiṣẹ́ dára jù. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí àwọn àmì tí mo kà, kí ó má dúró de ọdún méjì bí ti olùkọ́bìnrin wa. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, kí ó sì béèrè bí òun ṣe lè dé ọ̀dọ̀ dókítà tí ó mọ̀ nípa oríkèé. Wọn yóò wo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀, wọn yóò gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì lè ya fọ́tò egungun rẹ̀. Kí ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ àwọn mìíràn kì í fi àrùn náà hàn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní i. Bí wíwú náà kò bá lọ, kí ẹ padà lọ.

Mo ní láti kìlọ̀ nípa oògùn. Ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1948, ní ilé ìwòsàn Mayo ní Amẹ́ríkà, Dókítà Philip Hench fún obìnrin kan tí àrùn yìí ti sọ di aláìlèrìn ní oògùn tuntun kan, tí a wá ń pè ní cortisone. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí obìnrin náà fi dìde tí ó sì ń rìn. Ẹnu ya gbogbo ayé, Hench àti àwọn méjì mìíràn sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1950. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí a fi rí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Bí a bá lo irú oògùn yìí púpọ̀ tí ó sì pẹ́, ojú á wú, egungun á di ẹlẹgẹ́, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ á sì lè wọlé. Dókítà ṣì ń lo irú rẹ̀ díẹ̀, fún ìgbà kúkúrú, pẹ̀lú ìṣọ́ra. Àwọn mìíràn a máa lọ̀ ọ́ mọ́ ohun tí wọ́n ń tà ní ibùdókọ̀, wọn a sì pè é ní àgbo làkúrègbé. Bí oògùn kan tí ẹ kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ bá mú ìrora kúrò lọ́jọ́ kan bí idán, ẹ bẹ̀rù rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ti ń lo irú rẹ̀ pẹ́, kí ó má dá a dúró lójijì. Kí ó sọ fún dókítà.

Oògùn tí àwọn oníṣègùn sábà máa ń kọ́kọ́ lò lónìí ni methotrexate. Kì í mú ìrora lọ lójú ẹsẹ̀. Ó ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí a tó rí iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé àwọn ọmọ-ogun tí ó ṣìnà ni ó ń pẹ̀tù sí. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níhìn-ín: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ ni a ń lò ó fún àrùn yìí. Ó ti pa àwọn tí ó ṣèèṣì ń lò ó lójoojúmọ́. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ lò ó rárá, a sì ní láti máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ń lò ó wò déédéé. Oògùn mìíràn tún wà fún ẹni tí èyí kò bá bá lára mu. Yàtọ̀ sí oògùn, kí aláìsàn máa na ara rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ó máa rìn, kí ó sì jáwọ́ nínú sìgá. Oríkèé tí a kò lò rárá a máa gan sí i.

Ẹ má rò pé ayé ẹni tí ó ní i ti bàjẹ́. Christiaan Barnard, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Gúúsù Áfíríkà, gbọ́ ní ọdún 1956 pé òun ní àrùn yìí. Ọwọ́ kan náà ni ó fi ṣe iṣẹ́ abẹ ní Cape Town ní ọjọ́ 3 Oṣù Kejìlá 1967, nígbà tí ó gbé ọkàn ẹnì kan sínú ẹlòmíràn, irú èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe rí láàárín ènìyàn sí ènìyàn. Ọdún 1983 ni ó tó fi iṣẹ́ abẹ sílẹ̀ nígbà tí ọwọ́ náà kò jẹ́ kí ó ṣe é mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ fún yín. Ẹ̀yin ni ẹ ń bá àwọn òbí yín jí lówùúrọ̀. Bí ẹ bá rí i pé ìyá yín kò lè fún aṣọ tí ó fọ̀, tí kò lè ṣí ìdérí agolo, tàbí tí ó ń pè yín láti bá òun so ìró, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Ẹ mú ìwé kékeré kan. Ẹ kọ aago tí ó jí sí i, ẹ kọ aago tí ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀, ẹ kọ àwọn oríkèé tí ó wú. Ẹ ṣe é fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó sì mú ìwé náà lọ́wọ́ bí ó bá ń lọ sí ilé ìwòsàn. Ìwé kékeré yẹn lè ran dókítà lọ́wọ́ púpọ̀.

Olùkọ́bìnrin tí mo sọ fún yín ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ. Ó ń fi aṣọ wé ìdí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ kí ó lè nípọn, kí ó lè rọrùn fún un láti dì mú. Mo ti lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin kọ́, ọ̀gá. Èmi tí mo ni ọwọ́ náà pàápàá kò mọ̀." Ó dá mi lójú pé ẹ̀yin ti mọ̀ báyìí.